Itan Ni Wọ́n Gbà Dé Ọkàn Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Àgbádárìgì, láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í ya ilé wa láti wá wo ojú àpá. Àwọn kan gbọ́ pé wọ́n la àyà mi bí ẹni la ẹja, wọ́n yọ ọkàn mi sínú abọ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dá a padà. Ìyá kan ní ọjà Agbalátà tilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé ọkàn ewúrẹ́ ló wà nínú mi báyìí. Ó ní ìrìn mi ti yá jù.

Kò sí àpá láyà mi. Ohun tó wà lára mi kò ju ojú kan bí ìgbà tí ìdun jẹ èèyàn lọ, níbi tí itan ti pàdé ikùn, mi ò sì lè ṣí ibẹ̀ han àlejò. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe rí gan-an.

Ọgbẹ́ inú

Agbẹ̀bí ni mí nílùú yìí, ó ti lé ní ogún ọdún. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà á, èmi ni mo kọ́kọ́ gbá yín nídìí kí ẹ tó ké.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gberefu. Obìnrin kan ń rọbí, wọ́n wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ tí mo gbé àpò mi, tí mo ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú yanrìn lọ lábẹ́ àwọn igi àgbọn, nǹkan kan di àyà mi mú bí ìgbà tí èèyàn bá di ẹlòmíì láṣọ mú níbi ìjà. Ó gun ọrùn, ó wọ àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí apá òsì. Mo jókòó sórí kùkùté kan. Nígbà tí mo sinmi díẹ̀, ó tú mi sílẹ̀. Mo dìde, mo lọ gbẹ̀bí. Ọmọkùnrin ni.

Mo pè é ní ọgbẹ́ inú. Ká ní aláìsàn mìíràn ló sọ ohun kan náà fún mi ni, lójú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara rẹ̀ kì í ṣòro láti gbà gbọ́. Mo ń mu oògùn funfun, mo ń yẹra fún ata, oṣù mẹ́fà kọjá. Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí ìjọba dín owó kù tí gbogbo nǹkan sì gbówó lórí. Àwọn ológun ló wà lórí oyè, wọ́n ní ká ṣe sùúrù, nǹkan á dẹ̀. Aboyún ló ń gbé ìbọ̀wọ́ àti bíléèdì wá láti ilé. Lọ́jọ́ tí kò bá sí kẹrosíìnì, àbẹ́là la fi ń gbẹ̀bí. Ta ló ráyè ti àyà ara rẹ̀? Àfi lọ́jọ́ ìsinmi kan tí mo dìde láti kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí mi ò tíì kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ tán tí mo fi wó lu ìyá tó wà níwájú mi.

Dókítà ọkàn tí wọ́n gbé mi lọ bá l'Ékòó kò ju ọjọ́ orí àkọ́bí mi lọ, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ bò fún mi.

“Màmá, ta ló sọ fún yín pé ọgbẹ́ inú ni?”

“Èmi ni.”

“Kì í ṣe ọgbẹ́ inú, mà. Ọkàn tó ń fún gbogbo ara lẹ́jẹ̀, òun náà ní iṣan tó ń bọ́ ọ. Ọ̀rá ti ń dí tiyín pa.”

Ó fún mi ní ásípírínì tí mà á máa lò lójoojúmọ́, òmíràn tí yóò máa dẹ ìsáré ọkàn, àti wóró kékeré kan tí mà á fi sábẹ́ ahọ́n bí ìrora bá dé. Ó ní, “Àwọn oògùn yìí á máa bá wa bẹ ọkàn yín ni. Wọn ò lè la ibi tó ti dí. Lókè òkun, wọ́n ti ń ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan itan, wọ́n á tì í títí á fi dé ọkàn, wọ́n á fi ṣí ibẹ̀. Wọn kì í la àyà.”

“Níbí ńkọ́?”

Ó wo tábìlì rẹ̀. “A ò tíì ní in, mà.”

Sista Sesílì ló la ọ̀nà náà fún mi. Obìnrin Faransé kan ni, obìnrin Ọlọ́run inú ìjọ Àgùdà tí kì í lọ́kọ, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún púpọ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́, ní ìhà Benin. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá tán lọ́dọ̀ wa, òun ni mo máa ń ránṣẹ́ sí, tí tiẹ̀ bá tán, á ránṣẹ́ sí mi. Ó ti darúgbó, wọ́n ti dá a padà sílé. Mo kọ̀wé sí i, mi ò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan, mo kàn ń ṣàròyé ni. Ìwé tó fi dáhùn ní ilé ìwòsàn kan nílùú òun yóò gbà mí gẹ́gẹ́ bí àánú, kí n tètè máa bọ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n fún ní ìwé ìwọ̀lú. Wọn kò fún ọkọ mi.

Ọkọ mi ni ẹ mọ̀ sí Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ní ọjọ́ tí mo di ẹrù mi, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí.

“Ìyá Bọ́lá, ṣé o ò kúkú lè máa lo oògùn náà lọ báyìí?”

“Bàbá Bọ́lá, ẹ fẹ́ kí n máa lò ó dìgbà wo?”

“Dìgbà tí èmi bá kọ́kọ́ lọ.”

Mo ń ká aṣọ mi lọ.

Ẹnubodè

Kùtọnú ni mo ti máa wọ ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ mi sì sìn mí dé Seme. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń pariwo lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọlọ́kadà ń fà wá láṣọ, oòrùn sì ń ta. Sójà kan ní kí n ṣí àpò mi. Gààrí ló kọ́kọ́ rí, ẹja gbígbẹ tẹ̀ lé e, ó wá fa àpòòwé ńlá kan yọ. Àwòrán àyà mi ni, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà l'Ékòó.

Ó gbé e sókè sí oòrùn. Gbogbo egungun ìhà mi hàn, ọkàn mi sì wà láàárín wọn bí òkúta inú àpò.

“Ta nìyí?” ni ó bi mí.

“Èmi ni.”

Ó wo àwòrán náà, ó wò mí, ó tún wo àwòrán. Ọmọdé ni lójú mi, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ó rọra dá a padà sínú àpòòwé rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹja àti gààrí mi padà, ó ní, “Ẹ máa lọ, Màmá. Ẹ̀ẹ́ padà bọ̀.” Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́, ó yíjú sí ẹlòmíì. Ìgbà náà ni àyà mi já. Bí sójà bá ṣàánú èèyàn lẹ́nubodè, ọ̀ràn ọ̀hún ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Tíṣà ṣì dúró níbi igi ìdábùú, ó ń fi fìlà rẹ̀ nu ojú bí ẹni pé òógùn ni.

Òtútù

Òtútù tí mo mọ̀ ni òtútù ọyẹ́. Èyí tó pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn pápákọ̀ òfuurufú kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ó wọ inú eyín mi. Sista Sesílì dúró síbẹ̀, ó ti kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó gbé kóòtù dúdú kan dání. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ́tùn-ún, ó tún fi kàn mí lósì, ó wá fi èdè Ègùn àti Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń pò pọ̀ bi mí léèrè, kó tó béèrè àlàáfíà mi pàápàá: “Ṣé o gbé gààrí wá?”

Ìlú náà wà létí odò ńlá kan. Omi rẹ̀ kò rùn rárá, kò rùn bí iyọ̀, kò rùn bí ẹja. Ó kàn ń lọ ni. Ilé tí Sista àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ àyà mi. Wọ́n ń jẹun láìsọ̀rọ̀, obìnrin kan ń kàwé sí wọn létí bí wọ́n ṣe ń jẹ. Búrẹ́dì wọn le níta bí èèpo igi, inú rẹ̀ rọ̀. Wọ́n gbé ewé tútù síwájú mi láìsè, mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n máa sọ nílé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé wàrà tó ti dì, tó sì ti hu funfun, síwájú mi, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí òjò pa. Mo jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí pé gbogbo wọn ń wò mí. Lẹ́yìn oúnjẹ, Sista mú mi wọ yàrá ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, àwa méjèèjì sì rẹ gààrí, a fi ṣúgà sí i, a mu ún lórí ìdúró bí olè.

Lórí àtẹ̀gùn, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Wọ́n á wò mí, wọ́n á yára kọjá. Sista ní, “Níbí, bí o bá kí wọn jù, wọ́n á rò pé o fẹ́ gba nǹkan.” Mo wá dákẹ́, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n gé ní ahọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn, arúgbó obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dìde ní ìjókòó rẹ̀, ó wá síwájú mi, ó ń bá mi wí ní èdè rẹ̀, ó sì ń de bọ́tìnnì kóòtù mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ọrùn, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé. Nígbà tó ṣe tán, ó padà lọ jókòó, kò tún wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́. Irú èèyàn wo nìyí? Títí mo fi kúrò níbẹ̀, mi ò mọ̀.

Yàrá ẹlẹ́ni méjì

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbà mí sílé ìwòsàn ni òkú dé bá Sista. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní ìlú tó jìnnà, ó ní láti lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Bó ṣe jáde, mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè bá sọ̀rọ̀ nílùú náà ló jáde yẹn.

Mo bá arúgbó kan nínú yàrá, Màdáàmù Odẹ́tì. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń pín lẹ́tà fún àwọn ará abúlé nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi títí mo fi lóye. Bó ṣe rí i pé ẹ̀rù ń bà mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè láìtijú, ó nawọ́ sí itan. Ibẹ̀ ti dúdú, ó tún pọ́n bí àgbálùmọ̀ tó bàjẹ́. Ó na ìka mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣe é fún un. Ó gbá àyà rẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Ara tirẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ń wo ìka mẹ́ta yẹn. Bó bá ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ló dé tó fi di ẹ̀ẹ̀mẹta?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá fá irun abẹ́ mi. Mo ti fá ti àìmọye obìnrin, mo sì ti bú àwọn tó ń fi ọwọ́ bojú: “Ẹ ṣí i jàre, kò sí ohun tí mi ò tíì rí.” Ọjọ́ yẹn ni mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dun èèyàn. Mo wo òkè àjà, omi ń jáde lójú mi, ọmọkùnrin náà sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ nǹkan tí mi ò gbọ́.

Àyẹ̀wò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n pa ojú itan mi kú, wọn kò pa èmi kú. Mo sùn gbalaja lórí tábìlì tó tutù, mo sì rí ọkàn mi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọkàn èmi fúnra mi. Ó ń fò bí ẹyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi oògùn kan sínú rọ́bà náà, ooru á gba gbogbo ara mi dé ìdí, bí ẹni pé mo tọ̀ sára, àwọn iṣan á sì hàn lójijì bí gbòǹgbò igi etí ọ̀sà. Mo rí ibi tó dí kí dókítà tó nawọ́ sí i. Iṣan ńlá iwájú wá, ó dé ojú kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì tún fẹ̀ padà. Okùn òwú yẹn ni mo fi ń gbé láyé.

Ìbéèrè tí Sẹ́nàmi kọ̀

Dókítà náà ga, irun rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó tì mí lọ́jọ́ kejì, ó ń yàwòrán lórí ìwé, ó ń sọ̀rọ̀, mo ń mi orí. Ó gbé ìwé kan fún mi pé kí n fọwọ́ sí. Mi ò fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà yé rí. Mo dá bírò padà fún un. Ó tún ṣàlàyé. Mo tún dá a padà.

Obìnrin kan ń nu ilẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kọ korobá rẹ̀, omi dà, ó sì ké pe Ọlọ́run ní èdè Ègùn.

Mo dìde jókòó bí ẹni tí wọ́n ta lábẹ́rẹ́. Mo fi Ègùn pè é. Ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ya ẹnu. Sẹ́nàmi lorúkọ rẹ̀, ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, abúlé etí omi kan ní ìhà Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti bí i. Kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Ègùn mi kò dán mọ́rán. Ìyá ọkọ mi fi gbogbo ayé rẹ̀ bá mi sọ ọ́, Yorùbá ni mo fi ń dá a lóhùn. Èyí tí mo mọ̀, yàrá ìrọbí ni mo ti kọ́ ọ: mí sínú, dúró ná, níbo ló ti ń dùn ọ́, ó kù díẹ̀, má bẹ̀rù. Òun la fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà á sọ̀rọ̀, Sẹ́nàmi á sọ ọ́ ní Ègùn, èmi á sọ ọ́ padà bó ṣe yé mi, wọ́n á sì tún mi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ pé rọ́bà kékeré kan bí èyí tí ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sí ló wà lẹ́nu okùn náà. Wọ́n á fẹ́ ẹ lójú ibi tó dí, á ti ọ̀rá náà mọ́ ògiri iṣan, wọ́n á sì fà á jáde. Mo tún gbọ́ pé ìgbà mìíràn wà tí iṣan náà máa ń padé pátápátá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á sáré la àyà.

Mo ní, “Bi í léèrè: bí mo bá kú, ṣé wọ́n á gbé òkú mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi?”

Sẹ́nàmi fi ọwọ́ bo ẹnu. “Rárá, Màmá. Mi ò ní gbé ìyẹn sẹ́nu.”

“Ìwọ kọ́ lo bi í. Èmi ni mo bi í.”

“Ẹnu mi ló máa gbà kọjá. Mi ò ṣe.”

Dókítà ń wo àwa méjèèjì. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Sẹ́nàmi yíjú sí ògiri, ó sì sọ ọ́ ní Faransé, ó sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó ń tu nǹkan kíkorò dànù. Dókítà sún mọ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, Sẹ́nàmi sì sọ ọ́ fún mi.

“Ó ní wọ́n sọ fún òun pé agbẹ̀bí ni yín. Ó ní bí àwọn aboyún bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, kí lẹ máa ń sọ fún wọn?”

“Sọ fún un pé mo máa ń parọ́ fún wọn.”

Nígbà tó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní òun kò ní parọ́ fún mi. Ó ní òun kò mọ ti òkú, ẹlòmíràn ló ń bójú tó ìyẹn, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé bí mo bá padà sílé pẹ̀lú iṣan yẹn bó ṣe wà, yóò dí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nínú yanrìn tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi, òun kò sì ní sí níbẹ̀.

Mi ò lè pe ọkọ mi. Tẹlifóònù tó sún mọ́ ilé wa jù ti kú láti ọdún tó kọjá. Gbogbo ìpinnu tó tó bẹ́ẹ̀ nínú ayé mi, àwa méjèèjì la jọ máa ń ṣe é. Mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i, orúkọ mi kò sì jọ orúkọ mi.

Lórí tábìlì

Dókítà ní àfi kí Sẹ́nàmi wọlé pẹ̀lú mi. Wọ́n gbé aṣọ olójé wúwo kan wọ̀ ọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí iná ẹ̀rọ wọlé sára, ó sì dúró níbi orí mi bí ẹni tí wọ́n di ẹrù iyọ̀ lé lórí.

Mo rí i nígbà tí okùn náà gòkè. Mo rí i nígbà tó dúró lójú ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ rọ́bà náà, ìrora Gberefu sì padà wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí pé wọ́n ti dí iṣan náà pátápátá kí wọ́n lè ṣí i. Mo ń wo ọkàn mi nínú tẹlifíṣọ̀n tó ń wá ẹ̀jẹ̀, tí kò rí. Mi ò lè mira. Mo rò ó pé ó parí.

“Mì dibu blo,” ni Sẹ́nàmi ń wí létí mi. “Mì dibu blo, Màmá. Mì dibu blo.” Ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ tí èmi ti sọ fún àwọn ìyá bíi tirẹ̀ ní etí ọ̀sà lálẹ́ lọ́sàn-án. Ó di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n jẹ́ kí rọ́bà náà sọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọlé. Gbòǹgbò náà kún títí dé orí rẹ̀.

Wọ́n dá mi padà sí yàrá, wọ́n gbé àpò yanrìn lé itan mi, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀. Màdáàmù Odẹ́tì na ìka kan sí mi, ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tó wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ń mu ọbẹ̀ omi kárọ́ọ̀tì tí kò ní iyọ̀, ni ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún ti dé. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀, apá òsì. Odẹ́tì ló tẹ aago, ó sì ń pariwo sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì mi sáré padà, èmi ń ka iná òkè àjà bó ṣe ń kọjá. Sẹ́nàmi ti lọ sílé. Kò sí ẹni tó lè sọ ohunkóhun fún mi, èmi náà kò sì lè sọ. Iṣan náà ti fẹ́ padé. Wọ́n tún fẹ́ rọ́bà náà, ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo pe orúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dé orí àbíkẹ́yìn, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Kò tún padé mọ́. Odẹ́tì na ìka méjì sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe.

Sista padà dé, ó bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn dókítà, kò sì gùn: ásípírínì lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan, oògùn tó ń dẹ ọkàn, iyọ̀ díẹ̀, ọ̀rá díẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lè tún dí láàárín oṣù mẹ́fà, òun kò ní fi pamọ́ fún mi. Oṣù mẹ́fà náà ti kọjá báyìí. Mo ń rìn, mo ń gbẹ̀bí. Mo ṣì máa ń fi ọwọ́ kan àyà mi kí n tó dìde láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún mi pé ẹni tí Ọlọ́run bá ti wò sàn kì í lo oògùn mọ́, ẹ ṣeun, mi ò ní jáwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pe tiyín ní ọgbẹ́ inú, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ń rìn ló ń dé, tí ẹ bá dúró á lọ, ẹ wá rí mi.

Ilé

Ọ̀sán ni mo wọ Àgbádárìgì. Tíṣà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń kọ ebè. Ó gbọ́ ohùn mi, ó dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, kò sún. Mo ní, “Bàbá Bọ́lá, mo ti dé o.” Ó rọra rìn wá, ó fi ọwọ́ tó kún fún erùpẹ̀ kan iwájú orí mi, ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bí ẹni tó ń wá ibi tí nǹkan ti fọ́.

“Ṣé o ti jẹun?” ni ó wí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi padà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pe Sista níbi tó wà, òun náà sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kùtọnú pé kí wọ́n máa gbàdúrà fún mi. Láti ẹnu dé ẹnu ni ọ̀rọ̀ náà gbà dé Seme, tí ọlọ́kadà kan fi gbé e wá fún ọkọ mi. Ohun tí Sista sọ, tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá lọ́nà, ni pé wọ́n ti gbé mi padà wọlé. Ohun tí ọlọ́kadà gbọ́ ni pé wọ́n ti gbé mi wọlẹ̀.

Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún àwọn ọmọ, kò sọ fún àlùfáà. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu Sista fúnra rẹ̀ kí òun tó jẹ́ kí ilé dàrú. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọkọ mi fi jẹ́ opó, láìsí ẹni tó bá a kẹ́dùn, tó ń kọ ebè láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹrin yẹn ni mo wọlé.

N kò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà. Mo kàn sọ fún un pé ebi ń pa mí ni. Ó ní kí n jókòó, kí n má ṣe nǹkan kan. Ní gbogbo ọdún tí a ti fẹ́ra, n kò rí i kí ó gbé ìkòkò kaná rí. Ó bó iṣu, ó dá iná, ó kọ ẹ̀yìn sí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìdáná, mo sì rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Mo fẹ́ dìde lọ bá a. Nǹkan kan ní kí n jókòó.

Ó gbé e wá pẹ̀lú epo díẹ̀. Iṣu náà ti rọ̀ jù, ó ti ń fọ́ sínú omi, kò sì fi iyọ̀ sí i. Ó jókòó ní òdìkejì tábìlì, ó ń wò mí lẹ́nu.

Mo jẹ ẹ́ tán.